Ohun Tí A Kọ́ Nípa Irun àti Awọ Ara Láàárín Ọdún Kan

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé kìíní àti ìwé kejì tán ti kúrò ní ẹni tí ń ka a-b-d. Ohun tí ó kù ni kí ẹ máa fi ìwé kíkà ṣe nǹkan tí yóò ṣe yín ní àǹfààní nílé, lọ́jà àti níbi iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí irun orí àti awọ ara. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge lásán. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, ọ̀rọ̀ owó sì ni pẹ̀lú.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní Ọ̀tà níbí, ìrọ̀lẹ́ ni a máa ń pàdé, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bá ti jáde. Àwọn kan ń bọ̀ láti Sango, àwọn kan láti Ìjókò, àwọn mìíràn láti ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Onídìrí wà nínú wọn, agẹrun wà, ìyá alátẹ wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, onídìrí kan mú fóònù rẹ̀ wá sí kíláàsì. Ó ní àwọn oníbàárà òun ń pín ìròyìn kan kiri pé rílásà ń fa jẹjẹrẹ ilé-ọmọ. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Ṣé òótọ́ ni? Iṣẹ́ tí mo fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta nìyí o."

A kò lè dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. A ní kí ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ó di ọdún kan, nítorí bí a ti ń wádìí ọ̀rọ̀ irun lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ awọ ara tún yọjú.

IRUN ORÍ

Ẹ fa irun kan ṣoṣo yọ ní orí yín, kí ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Èyí tí ẹ ń wò yìí kò ní ẹ̀mí. Ìdí nìyí tí kò fi ń dùn wá bí agẹrun bá ń gé e. Gbòǹgbò rẹ̀ ni ó ní ẹ̀mí, inú ihò kékeré kan lábẹ́ awọ orí ni gbòǹgbò náà sì wà. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gbé oúnjẹ wá fún un. Ohun tí a fi dá irun náà ni a fi dá èékánná wa, òun náà ni a sì fi dá ìwo màlúù.

Kí ló dé tí irun tiwa fi ń wé, tí ti ọ̀pọ̀ Òyìnbó fi ń nà? Ihò tí irun ti ń jáde ló fà á. Ihò tiwa tẹ̀, kò gún, nítorí náà irun wa ń jáde ní wíwé bí ọwọ́ ìtàkùn tí ń lọ́ mọ́ igi. Gbogbo ibi tí irun bá ti tẹ̀ ni ó ti lè já. Epo tí awọ orí ń sun kì í sì tètè dé ìparí irun tó wé, ìdí nìyẹn tí irun wa fi máa ń gbẹ. Àwọn ìyá wa kò dúró de ilé ìwé kí wọ́n tó mọ èyí. Wọ́n fi àdín pa á, wọ́n fi òrí pa á. Òrí kì í mú irun hù, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí omi inú irun tètè gbẹ, irun náà kò sì ní máa já. Bí irun kò bá já, ẹ ó rò pé ó ń yára hù.

Irun kì í yára hù rárá. Nínú oṣù kan, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan péré ni, tiwa tilẹ̀ máa ń dín díẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń ta òróró fún yín, tí ó ní irun yín yóò dé èjìká lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ fi owó yín sí àpò jàre.

Ohun tí ó ń pá iwájú orí àwọn obìnrin wa jù ni fífà. Irun dídì tí ó le, atáṣímẹ́ǹtì tí ó wúwo, gbogbo rẹ̀ ń fa gbòǹgbò irun lójoojúmọ́. Kì í ṣe ọ̀ràn ti Yorùbá nìkan. Ní ọdún 1907 ni dókítà ará Austria kan ti kọ̀wé nípa àwọn obìnrin Greenland, ní ìlú olótùútù lọ́hùn-ún, tí ẹ̀gbẹ́ orí wọn pá nítorí pé wọ́n ń fa irun wọn le kí wọ́n tó dì í pọ̀ sókè. Onídìrí wa jẹ́wọ́ pé àwọn oníbàárà gan-an ni ó ń ní kí òun fà á le, kí ó lè pẹ́ lórí, nítorí owó tí wọ́n san. A kò bá wọn jà. Gbogbo wa mọ bí owó ti rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dìrun tán tí ẹ kò lè fi orí lélẹ̀ lóru, tí nǹkan kéékèèké bí irorẹ́ sì yọ sí etí irun, irun náà ti le jù. Ẹ tú u. Bí ẹ bá tètè tú u, irun yóò padà hù. Bí fífà náà bá pẹ́ tó ọ̀pọ̀ ọdún, ihò irun yóò dí, kò sì sí òróró tí yóò ṣí i mọ́.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Àwọn kókó líle tí ń yọ sí ìpàkọ́ àwọn ọkùnrin kan, fífá irun ibẹ̀ lábẹ́-lábẹ́ jù máa ń dá kún un. Ẹ ní kí agẹrun fi díẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ làpálàpá ni a fẹ́ fi jẹ́wọ́ tiwa. Nígbà tí a jẹ́ hẹ́dímásítà, bí ọmọ kan bá ní làpálàpá lórí, a máa ń lé e lọ sílé. Nígbà mìíràn a máa ń pè é ní ọ̀bùn níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dùn wá láti kọ ọ́ síhìn-ín. Làpálàpá kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà. Ohun ẹlẹ́mìí kékeré kan tí ó bá olú tan, tí ojú lásán kò lè rí, ni ó ń fà á, ó sì ń ti orí dé orí nípasẹ̀ kóòmù, fìlà àti ẹ̀rọ ìgẹrun. Èyí tí ó bá wà lórí kì í gbọ́ ti ìpara nìkan, oògùn jíjẹ ni dókítà máa ń fún ọmọ náà. Ọmọ tí a lé lọ sílé láìsọ èyí fún ìyá rẹ̀, kí ni a ṣe fún un?

ỌṢẸ DÚDÚ ÀTI RÍLÁSÀ

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìdí ààrò ọlọ́ṣẹ díẹ̀. Àwọn ìyá kan ní kíláàsì mọ iṣẹ́ yìí jù wá lọ, àwọn ni ó kọ́ wa. Wọ́n á sá èèpo kòkó títí yóò fi gbẹ, wọ́n á jó o di eérú, wọ́n á da omi sí eérú náà, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Omi eérú yìí mú, ó lè jẹ ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e ka iná, tí wọ́n da àdín sí i, tí wọ́n sì rò ó títí, omi tí ń jẹ ọwọ́ àti epo tí ń yọ̀ yóò di ohun kẹta tí kò jọ èkínní, tí kò jọ èkejì. Ọṣẹ nìyẹn. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ń pe irú omi eérú bẹ́ẹ̀ ní alkali.

Rílásà náà, alkali ni. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, kọ́sítíìkì sódà ni wọ́n ń lò, ohun kan náà tí àwọn ọlọ́ṣẹ òde òní ń rà dípò eérú. Báyìí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí ara ike: SODIUM HYDROXIDE. Ẹ ó rí òmíràn tí wọ́n kọ NO LYE sí. Ìyẹn ni pé kò sí kọ́sítíìkì sódà nínú rẹ̀. Ẹ yí ike náà padà, ẹ ó rí CALCIUM HYDROXIDE. Alkali ni òun náà, ó lè jó awọ.

Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan fún àwọn nǹkan wọ̀nyí, láti 0 títí dé 14. Omi mímọ́ wà ní 7. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà nítòsí 2. Rílásà máa ń wà láàárín 12 sí 14. Nínú irun ni àwọn ìdè kéékèèké wà tí ó mú un wé. Rílásà ń já àwọn ìdè náà, ìdí nìyí tí irun fi ń nà. Ṣùgbọ́n rílásà kò mọ ibi tí irun parí sí àti ibi tí awọ orí ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí yóò bá ṣe rílásà, kí ó má họ orí lọ́jọ́ náà, kí ó má sì fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kí ẹ fi fásilíìnì yí etí irun àti awọ orí ká. Irun tuntun tó hù nìkan ni kí ẹ fi kàn, nítorí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ti gba tirẹ̀. Bí ó bá ti ń ta á, ẹ ṣàn án dànù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn onídìrí kan máa ń sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ fara dà á díẹ̀ sí i, kò tíì nà." Ọ̀rọ̀ burúkú ni. Ohun tí ń ta á yẹn, awọ tí ń jó ni.

ÌRÒYÌN LÁTI AMẸ́RÍKÀ

Ìròyìn tí onídìrí wa gbọ́ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti bù mọ́ ọn kí ó tó dé Sango. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti tẹ̀lé obìnrin tó lé ní 33,000, láti ẹni ọdún 35 dé ẹni ọdún 74, fún nǹkan bí ọdún 11. Nínú wọn, 378 ni ó ní jẹjẹrẹ ilé-ọmọ. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, àwọn tí kò lo ohun ìnarun rárá, 1.64 nínú 100 ni ó ṣeé ṣe kí ó ní àrùn náà kí wọ́n tó pé 70 ọdún. Àwọn tí ó lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ láàárín ọdún kan, 4.05 nínú 100 ni.

Nọ́ńbà báyìí kì í yé ènìyàn lórí ìwé. Nítorí náà a ka ẹ̀wà 100 sórí tábìlì lọ́nà méjì. Nínú òkìtì àkọ́kọ́ a yọ ẹ̀wà méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí a bá ní kí a má gé ẹ̀wà. Nínú òkìtì kejì a yọ mẹ́rin. Onídìrí wò ó títí, ó ní, "Tíṣà, 96 ṣì kù sílẹ̀." Òótọ́ ni. Ìyá alátẹ dá a lóhùn pé, "Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ rẹ wà nínú mẹ́rin yẹn ńkọ́?" Òótọ́ ni òun náà sọ. A jókòó wo ẹ̀wà náà, kò sẹ́ni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Gbogbo obìnrin inú ìwádìí yẹn ni ó ní arábìnrin tí ó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, nítorí náà wọn kò rí bákan náà pẹ̀lú gbogbo obìnrin. Àwọn onímọ̀ náà kò béèrè irú rílásà tí oníkálùkù lò. Wọ́n rí i pé nǹkan méjèèjì ń rìn pọ̀. Ẹni méjì lè máa rìn pọ̀ lójú ọ̀nà kí ó má jẹ́ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì, ṣùgbọ́n bí a bá ń rí wọn pọ̀ lójoojúmọ́, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí wọ́n ṣe tan.

Ìdí nìyí tí a fi ń ṣọ́nà fún ìwádìí mìíràn. Ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, láti Yunifásítì Boston. Obìnrin aláwọ̀ dúdú nìkan ni èyí, 44,798 ni wọ́n, wọ́n sì tẹ̀lé wọn títí di ọdún 22. Nínú àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dá, àwọn tí ó ti lo rílásà ju ọdún 5 lọ tàbí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún ní ewu jẹjẹrẹ ilé-ọmọ tí ó fi ohun tó ju 50 nínú 100 lé ti àwọn yòókù. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó ka ìlà yẹn! Kò túmọ̀ sí pé ìdajì wọn ni ó ní jẹjẹrẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni 2 ni ó ń ní i tẹ́lẹ̀ nínú àwọn kan, ó di ẹni 3. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn fún ogún ọdún ni ó ń ṣì í kà.

Onídìrí wa kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń wọ ìbọ̀wọ́ báyìí, ó ń ṣí fèrèsé sílẹ̀, kì í sì í ṣe rílásà fún ọmọdé mọ́. Òwú ni ó fi ń kó irun fún wọn. Ó ní àwọn ìyá kan kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní irun ará oko ni. A sọ fún un pé kí ó ní kí wọ́n lọ wo ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí Ọ̀tà bá ń ṣeré, kí wọ́n wo bí onígbẹ́nà ṣe gbẹ́ irun dídì sórí igi. Ayàwòrán kan wà tí ń jẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere. Láti ọdún 1968 ni ó ti ń ya àwòrán irun àwọn obìnrin Nàìjíríà. Ó kú ní 2014. Lónìí, àwọn àwòrán náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun, Òyìnbó sì ń sanwó kí ó tó wò wọ́n.

AWỌ ARA

Ní oṣù kejì ọdún 2023, Mojisola Adeyeye, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà NAFDAC, kéde pé ọ̀rọ̀ ara bíbó ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè wa. NAFDAC ni àjọ ìjọba tí ó ti ń bójú tó oúnjẹ, oògùn àti ìpara láti ọdún 1993. Nígbà tí a ka ìròyìn yìí ní kíláàsì, ẹ̀rín sọ, àwọn kan sì ń wo ọwọ́ ara wọn. A rí i pé ó kan ilé.

Kí ni ó mú awọ wa dúdú? Nínú awọ ara ni àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ṣe aró dúdú kan tí à ń pè ní melanin. Ìyàlẹ́nu ni pé iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lára Òyìnbó àti lára wa. Tiwa ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. Aró náà ni agbòòrùn wa. Ẹ wo àwọn àfín tí ó wà láàárín wa, tí aró yìí kò pọ̀ lára wọn. Oòrùn ń jó wọn, jẹjẹrẹ awọ ara sì tètè ń mú wọn bí wọn kò bá fi fìlà àti aṣọ alápá gígùn bora. Ọlọ́run ni ó dá wọn bẹ́ẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tí ń bóra, owó ara rẹ̀ ni ó fi ń ra ìdààmú náà.

Nǹkan mẹ́ta ni ó sábà máa ń wà nínú ìpara abóra. Èkínní ni mẹ́kúrì. Ó ń dá àwọn tí ń ṣe aró náà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í dúró sí ojú awọ nìkan. Ó ń gba awọ wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ pẹ̀lú, ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, oorun kò ní dé. Ó ń dé ara ọmọ inú oyún. Èyí tí ó burú jù lójú tiwa ni pé ó ń gbéra bí èéfín nínú yàrá, ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ìbùsùn. Ọmọ tí kò fi ìpara náà kan ara rí yóò máa fà á símú.

Èkejì ni hydroquinone. Òun náà ń dí aró lọ́wọ́. Ẹni tó bá pẹ́ lórí rẹ̀, ohun tí ó ń sá fún ni yóò padà wá bá a: ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò dúdú bí ẹni pé wọ́n fi aró rẹ́ ẹ, kì í sì í tètè lọ. Ẹ̀kẹta ni oògùn sìtẹ́rọ́ìdì. Oògùn gidi ni, dókítà ń lò ó fún àwọn àrùn awọ kan, fún ọjọ́ díẹ̀. Bí a bá ń fi í para lójoojúmọ́ fún ọdún, awọ yóò tẹ́ẹ́rẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ara yóò máa là, egbò kò ní tètè jinná. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, awọ lè máà di okùn mú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yetunde Olumide, dókítà awọ ara ní Èkó, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé lórí ìyà yìí.

Ní ọ̀rọ̀ mẹ́kúrì, ìlú kan wà ní Japan tí ń jẹ́ Minamata. Ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ ń da omi ìdọ̀tí sínú òkun. Ní ọdún 1956 ni wọ́n rí i pé àrùn àjèjì kan ń mú àwọn apẹja àti ọmọ wọn, ológbò pàápàá ń ta gìẹ́gìẹ́ kí ó tó kú. Mẹ́kúrì inú ẹja ni. Kì í ṣe irú èyí tó wà nínú ìpara gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi sọ àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 2013 láti dín mẹ́kúrì kù. Nàìjíríà fọwọ́ sí i pátápátá ní 2018. Tẹ́lẹ̀, àdéhùn náà gbà kí apá kan nínú mílíọ̀nù kan wà nínú ìpara. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Geneva, tí ìpàdé parí ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá 2023, wọ́n mú àyè yẹn kúrò: ìpara tí a fi mẹ́kúrì sí kò gbọdọ̀ jáde mọ́ lẹ́yìn 2025. Òfin ti wà. Ọjà Sango náà wà níbẹ̀.

Ẹ ó máa gbọ́ lórí rédíò pé obìnrin 77 nínú 100 ní Nàìjíríà ni ó ń bóra. Ẹ máa béèrè ibi tí nọ́ńbà ti wá. Irú iye yìí wà nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2002, láàárín àwọn oníṣòwò ní Èkó. Oníṣòwò Èkó kì í ṣe gbogbo Nàìjíríà. Àwọn tí ń bóra pọ̀, a rí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ka iye ènìyàn nínú ọjà kan kò tíì ka ti ìlú.

ÌYÁ ALÁTẸ

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, ìyá alátẹ gbé páálì kan wá sí kíláàsì. Ìpara àti ọṣẹ tí ó ń tà ní Sango ni. Ó ní kí a jẹ́ kí òun fúnra òun kà á. Ó fi ìka tọ́ ọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó rí CLOBETASOL lára èyí tó pọ̀ jù. Ó rí HYDROQUINONE lára òmíràn, wọn kò sọ iye tí ó wà nínú rẹ̀. Lára ọṣẹ kan ó rí MERCURIC IODIDE. Ó gbé ọṣẹ náà kalẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró.

Ó ní, "Tíṣà, owó àjọ ni mo fi rà á. Ta ni yóò dá a padà fún mi?"

A wá èsì, a kò rí. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè máa tà á láìmọ̀. Òun ti mọ̀wé kà báyìí. Nígbà náà ni ó na ọwọ́ rẹ̀ sí wa. Gbogbo oríkèé ìka rẹ̀ dúdú ju ìyókù lọ. Ọdún mẹ́fà ni ó ti ń fi ohun tí ó ń tà para, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, oníbàárà kì í ra ìpara lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò pọ́n.

A ní, "Ẹ má ṣe já a lójijì láìrí dókítà o, Ìyá. Ẹni tó bá já sìtẹ́rọ́ìdì lójijì, ara rẹ̀ lè wú, kí ó sì máa yún un." Ó lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní ọ̀nà tí yóò gbà fi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ gba ìdajì páálì padà, ó kọ ìyókù. A sọ fún un pé kí ó má da ti mẹ́kúrì sí gọ́tà, nítorí yóò dé inú omi, kí ó má sì sun ún, nítorí èéfín rẹ̀. Ọ́fíìsì NAFDAC ni kí ó gbé e lọ. Títí di ìgbà tí à ń kọ ìwé yìí, ó ṣì ń san gbèsè àjọ náà. Òrí, àdín àti ọṣẹ dúdú ni ó ń tà báyìí. Ó ní èrè rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀.

BÍ A ṢE Ń KA ARA IKE

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ INGREDIENTS sí. Ohun tí ó wà nínú ìpara ni wọ́n tò síbẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, èyí tí ó kéré jù ni wọ́n ń kọ gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá kọ ÒRÍ gàdàgbà sí iwájú ike, tí SHEA BUTTER sì jẹ́ ìkẹyìn ní ẹ̀yìn, ẹ ti mọ iye òrí tí ẹ ń rà.

Mẹ́kúrì ní orúkọ púpọ̀: MERCURY, CALOMEL, MERCURIC, MERCUROUS, tàbí lẹ́tà méjì péré, Hg. Nígbà mìíràn wọn kò ní kọ ọ́ rárá. Ṣùgbọ́n bí ìwé inú rẹ̀ bá sọ pé kí ẹ má jẹ́ kí ìpara náà kan wúrà, fàdákà tàbí alumíníọ̀mù, ẹ bi ara yín léèrè irú ohun tí ń jẹ irin tí wọ́n ní kí ẹ fi pa ojú. Sìtẹ́rọ́ìdì sábà máa ń parí sí SOL tàbí SONE: CLOBETASOL, BETAMETHASONE. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ìpara àdàlù tí wọ́n ń fi ṣíbí bù nínú abọ́ ńkọ́? Kò sí ohun kíkà lára rẹ̀, àwa kò sì lè kọ́ yín bí a ṣe ń kà á.

ÀWỌN OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE NÍLÉ

Ẹ mú ìpara tàbí ọṣẹ kan tí ẹ ń lò nílé. Ẹ da orúkọ márùn-ún àkọ́kọ́ tí ó wà lábẹ́ INGREDIENTS kọ sínú ìwé yín, bí wọ́n ti kọ ọ́ gan-an.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan ní ilé yín bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ dúdú, kí ẹ sì kọ ọ́ ní ìlà márùn-ún.

Bí ẹni 4 nínú 100 bá ní àrùn kan, ẹni mélòó ni yóò ní i nínú 1,000?

Onídìrí ní ẹ̀wà 96 ṣì kù sílẹ̀. Ìyá alátẹ béèrè nípa mẹ́rin. Bí ẹ bá wà ní kíláàsì lọ́jọ́ náà, kí ni ẹ ó sọ? Ẹ kọ ọ́ ní ìlà mẹ́ta, kí ẹ sì mú un wá.